Ohun Tí Munawwarah Fi Àbẹ́là Yà

Mo fi gbogbo àwẹ̀ tí mo gbà lọ́dún tó kọjá búra, òótọ́ ni ìtàn yìí. Ó dáa, mo mu omi nínú ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin àti lọ́jọ́ kọkànlá, nítorí náà ẹ yọ ọjọ́ méjì kúrò nínú ìbúra náà. Èyí tó kù tó láti gbé ìtàn yìí dúró. Ibì kan ṣoṣo wà tí mo ti tún un ṣe díẹ̀, bí aránṣọ ṣe máa ń ṣẹ́ etí aṣọ kí òwú má baà yọ síta. Bí ẹ bá bá mi dé òpin, n ó fi ibẹ̀ hàn yín.

Waliyullah ni orúkọ mi. Wálíì ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn Ọjà Ọba, l'Óṣogbo, lọ́jọ́ tí wọn kò bá bínú sí mi. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, nítorí mo da gọ́ọ̀mù sórí àga ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ tí àwọn àlejò láti ìjọba wá, ó sì fẹ́ dìde kí wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Àdíját, àbúrò ìyá mi, tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti lóye. A ó yọ́ àbẹ́là, a ó fi ya àwòrán sára aṣọ funfun, a ó wá ri aṣọ náà bọ inú aró. Ibi tí àbẹ́là bá wà, aró kò ní í wọ ibẹ̀. Bí a bá fi omi gbígbóná fọ àbẹ́là kúrò, àwòrán á yọ. Kí aró tó dé, funfun lórí funfun ni, kò sí ohun tí ojú rẹ lè rí níbẹ̀. Inú aró yẹn náà ni mo ti ri adìẹ funfun aládùúgbò wa bọ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni obìnrin náà fi gbàdúrà lórí adìẹ aláwọ̀ sánmà. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo fi ìrọ̀rí dí ẹnu mi.

Munawwarah, ọmọ Àǹtí mi kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọwọ́ òsì ló ń lò.

Àǹtí mi mọ iṣẹ́. Ẹyẹ kan wà tó ti ń yà láti ogún ọdún, láti ara pátákó tí ọ̀gá rẹ̀ gé fún un. Lọ́jọ́ kan, Munawwarah dúró tì í, ó ní, "Mọ́mì, níbo ni ẹyẹ yìí ń lọ?"

"Ẹyẹ ara aṣọ kì í lọ síbì kankan. Kúrò nídìí iná."

Ọmọ náà he kúkúté àbẹ́là kan nílẹ̀, ó ya ẹyẹ tirẹ̀ sára àkísà. Nígbà tí mo bá a rì í, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló yọ jáde.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta!" mo ní. "Ṣé ẹyẹ ni àbí ààrò?"

Ó wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ẹni tó gba òdo. "Bọ̀ọ̀dá Wálíì, méjì ló fi fò. Ìkẹta ló fẹ́ fi balẹ̀."

Mo tún ẹyẹ náà wò. Lóòótọ́, ó ń balẹ̀. Ti Àǹtí mi kò tíì gbéra rí.

Ṣùgbọ́n Alífáà ilé kéwú ti pe Àǹtí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kó wá nǹkan ṣe sí ọwọ́ òsì yẹn kó tó di bárakú. Láti ìgbà náà, bí Munawwarah bá ti na òsì sí nǹkan, Àǹtí mi á gbá a lọ́wọ́. Ọmọ náà á kó ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn, bí ẹni pé ẹran ọ̀sìn kan ló ń fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ pa á.

Ní oṣù Kejìlá, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan ránṣẹ́ sí wa láti Iléṣà. Màmá Phebe ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Akínkúnmi, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, ń bọ̀ wálé lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó fẹ́ kí a ya ilé náà sára aṣọ ńlá kan tí òun yóò ta sára ògiri pálọ̀. "Ilé náà bó ṣe wà nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kékeré," ló wí. "Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà."

A lọ wo ilé náà, a sì mú Munawwarah dání. Pálọ̀ náà ń rùn bí àpótí tí wọ́n kó kánfọ̀ sí. Bí Àǹtí mi ṣe ń wọn ògiri, ọmọ náà dúró, ó tẹjú mọ́ àga onígi kan ní kọ̀rọ̀. Ó rọra súnmọ́ mi.

"Bọ̀ọ̀dá Wálíì, kí ni bọ̀ọ̀dá yẹn ṣe?"

"Bọ̀ọ̀dá wo?"

"Èyí tí wọ́n so."

Kò sí ẹnì kankan lórí àga náà. Ìrọ̀rí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Mo lọ jókòó lé e gbàgà. Mo ní, "Ó tán, mo ti jókòó lé e lórí." Munawwarah kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sì máa dìde, ọwọ́ òsì mi ti kú, bí ọwọ́ ẹni tó sùn lé e mọ́jú. Mo gbọ̀n ọ́n títí a fi dé ibùdókọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sídeè ni a ri aṣọ náà. Ilé tí Àǹtí mi yà jáde láti inú omi gbígbóná gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ: òrùlé, fèrèsé mẹ́rin, òdòdó lápá ọ̀tún, òdòdó lápá òsì, gbogbo rẹ̀ tọ́ bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Ṣùgbọ́n ní igun ìsàlẹ̀, ohun kan tí kò sẹ́ni tó rán wa yọ jáde. Àga kan. Ọmọkùnrin kan jókòó lórí rẹ̀, wọ́n so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga náà. Ọwọ́ náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ẹnì kejì dúró tì í, ó di okùn náà mú, eyín ló kún gbogbo ojú rẹ̀. Ó dé fìlà tí imú rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wálíì!" Àǹtí mi figbe ta. "Aṣọ oníbàárà lo tún wá fi ṣeré?"

Èmi kì í sẹ́ àrà tó bá dára. "Àǹtí mi, ó dùn ún wò, àbí kò dùn?"

"Irọ́ ni!" Munawwarah ti sáré wọ àárín wa. "Èmi ni mo yà á! Ọwọ́ yìí ni mo fi yà á!" Ó na ọwọ́ òsì sókè. Àbẹ́là funfun wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó rò pé a máa yìn ín.

Àǹtí mi gbá ọwọ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ tì í. Mo bi í pé kí ló dé tí ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn fi tóbi tó báyẹn.

"Torí ibẹ̀ ló ń dùn ún," ló wí.

Kò sí àyè láti ṣe òmíràn, nítorí ọjọ́ Sátidé ni Akínkúnmi ń bọ̀. Àǹtí mi ká igun náà mọ́ inú, ó rán an pa. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Tọ́sìdeè, bí a ṣe ń múra Iléṣà, Munawwarah tún ti fi òsì mú àbẹ́là, ó ti tẹ́ aṣọ funfun oníbàárà mìíràn sílẹ̀. Àǹtí mi ya etí àkísà kan, ó so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó fi àbẹ́là náà sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Èyí ni kó o fi máa yà á títí a ó fi dé."

Ìdè náà dẹ̀. Ìka méjì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá àgbà Àpìkẹ́, arúgbó tó ń gbé inú ilé wa, ló wà nílé tì í, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. A ti dé ìta kí n tó rántí pé n kò dé fìlà mi. Mo sáré padà wọlé, mo mú un, mo jáde.

Ní Iléṣà, Màmá Tíṣà tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó fọwọ́ pa á. "Ẹ ṣeun o. Ilé mi rèé lóòótọ́." Ọwọ́ rẹ̀ wá dé igun ìsàlẹ̀, ó dúró. "Kí lẹ ká mọ́bí?"

"Àṣìṣe díẹ̀ ni, mà."

Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì máàkì ìwé kì í fojú fo àṣìṣe. Ó mú sáàsì, ó ń já òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tú igun náà. 

"Nehemiah," ló wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun lọ. "Ògiri ilé yìí ni ìwé rẹ̀. Èédú ló fi ń yàwòrán, òsì ló sì ń lò. Èmi tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí òsì, báwo ni tèmi ṣe máa lo òsì? Mo so ó mọ́ àga yẹn, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí Akínkúnmi máa ṣọ́ ọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ ṣeré, ó tú okùn náà, ó tún un so, ó wá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo dé, ọwọ́ ọmọ mi ti dúdú bí èédú tó fi ń yàwòrán. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Ibà la sọ fún àlùfáà, ibà la sọ fún gbogbo ayé. Èmi àti Akínkúnmi nìkan la mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ aṣọ náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ṣùgbọ́n Akínkúnmi kì í dé fìlà," ló wí. "Ta wá ni onífìlà yìí?"

Mo rọra ṣí fìlà mi, tí imú tirẹ̀ náà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú un sẹ́yìn. Ó ti rí mi. Síbẹ̀, Àǹtí mi ló yíjú sí.

"Ọmọ tó ya èyí, níbo ló wà báyìí?"

"Ó wà nílé, mà."

"Ọwọ́ wo ló ń lò?"

Àǹtí mi dìde. Ó fa fóònù yọ, ó pe Ìyá àgbà Àpìkẹ́. Fóònù Ìyá àgbà dún nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo ti gbé e láàárọ̀ láti fi wo bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà.

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí a tó dé Òṣogbo. Ìyá àgbà ṣì jókòó síbi tí a fi í sí. Ó kí wa káàbọ̀, ó ní ọmọ náà jẹ́ ọmọ dáadáa lónìí, òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Àǹtí mi sáré kọjá lára rẹ̀. Munawwarah fi orí lé bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọ̀ aró ni ọwọ́ òsì rẹ̀, láti ibi ìdè títí dé èékánná. Ọ̀bẹ la fi gé ìdè náà, nítorí kò ṣeé tú.

Wọn kò gé ọwọ́ náà kúrò ní ilé ìwòsàn. Ìka mẹ́ta ni kò ká mọ́. Ọ̀tún ni Munawwarah ń lò báyìí, Alífáà ti yìn ín. Ó ń ya ẹyẹ Àǹtí mi láti ara pátákó, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tó tọ́ gbọnrangandan. Àwọn oníbàárà ń sọ pé ọmọ náà ti mọ iṣẹ́. A gbọ́ pé Akínkúnmi dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó wo igun aṣọ náà, ó sì lọ kúnlẹ̀ síwájú àga tó ṣófo.

Aṣọ funfun tó wà níwájú Munawwarah lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú àpótí wa. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ ó mọ̀ pé àbẹ́là wà lára rẹ̀ káàkiri. Ọ̀tún ló fi yà á, ní gbogbo wákàtí tí a fi wà ní Iléṣà. Kò sí ẹni tó láyà láti rì í sínú aró. Mo bi í rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó wo ojú mi, ó sì padà sídìí ẹyẹ rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí mo ti tún un ṣe. N kò gbàgbé nǹkan kan sínú ilé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo padà wọlé, mo tú ìdè tí Àǹtí mi dì, mo sì tún un so bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́, èyí tó máa ń fún mọ́ra bí ẹran bá ṣe ń fà á. Mo ní, "Fà á. Bó o bá já a kí n tó dé, n ó ra súìtì fún ẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fìlà mi ti wà lórí mi láti òwúrọ̀.