Ọ̀gá Oníná Wọ Kíláàsì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀gá Oníná gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń súfèé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, gbogbo àdúgbò ló sì ń yìn ín. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìyìn náà ti wọ̀ ọ́ létí jù.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin bá a lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé ó wà ní ìsinmi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà fún gbogbo agbègbè wọn ló ń lọ, èyí tó ní ọgbà márùn-ún ní ìlú márùn-ún. Èyí tó wà nítòsí ilé wọn ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ iná. Ojú ń ti Ọ̀gá láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bèèrè, á ní, "Ó wà ní yunifásítì," á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ìyá mi," Ọ̀gá ní fún ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń lọ, "kí lẹ tún kọ́ ní sáà tó kọjá?"

"Wọ́n kó wa lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọjọ́ méjì, Bàbá mi. Wọ́n kọ́ wa bá a ṣe lè ran ẹni tí iná gbé lọ́wọ́."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Oníná lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì! Tó bá di sáà tó ń bọ̀, wọ́n á kó yín lọ kọ́ ọbẹ̀ sísè."

Ilé búrẹ́dì Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń lọ, níbi tí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ti dákẹ́. Kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ náà, ọmọ yìí pa súìṣì àgbà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi àgádágodo tì í, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó sì so páálí kan mọ́ ọn: "Ẹ má tàn án. Èèyàn ń ṣiṣẹ́ lórí wáyà."

Ojú ti Ọ̀gá. "Ṣí i kúrò jàre! Ṣé olè ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, tó o fi ń ti nǹkan ẹ̀ pa lójú ẹ̀?"

"Kì í ṣe torí olè, Bàbá mi. Ẹni tí ò mọ̀ pé a wà nídìí iṣẹ́ là ń tì í fún."

"Mo ti pariwo fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má tàn án. Ìyẹn ti tó."

Kò lè bá bàbá rẹ̀ jiyàn níwájú oníbàárà. Ó ṣí i, ó yọ páálí náà, ó sì jáde lọ mú wáyà nínú ọkọ̀. Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ.

Àárín ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ kan tó lọ ra ṣúgà wọlé. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá ń pariwo. Ooru ń mú un, fáànù ò ṣiṣẹ́, ó rí súìṣì tó wà ní pípa, ó sì tàn án.

Igbe kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà fi máa sáré wọlé, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì ti nawọ́ láti fà á.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Mà! Á gbé ẹ̀yin náà!"

Ọmọ náà fò mọ́ súìṣì, ó pa á. Ọ̀gá ṣubú gbì. Kò mí.

"Ẹ pe ọkọ̀ ọsibítù!" Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé èkejì ní àárín àyà bàbá rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ní kíákíá, ó ń kà á sókè. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò dúró nù ún. Apá ń ro ó, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó pẹ́, Ọ̀gá wúkọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, Ìyá Oníbúrẹ́dì di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Tí súìṣì bá wá jìnnà ńkọ́?"

"Ẹ dúró sórí nǹkan gbígbẹ, Mà, kẹ́ ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò lára iná. Irin kọ́ o, ọwọ́ kọ́. Tó bá jẹ́ wáyà ńlá orí òpó ló já, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn, ẹ pe ilé iṣẹ́ mànàmáná. Tẹ́ni náà ò bá sì mí, ẹ máa tẹ àyà ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé."

Dókítà jáde, ó bèèrè ẹni tó tẹ àyà aláìsàn. Ìyàwó Ọ̀gá, aránṣọ, tó sáré dé ti òun ti téèpù lọ́rùn, fọwọ́ gbáyà. "Ọmọ mi ni! Èmi ni mo bí i!"

Ọ̀gá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ títí di òní, ó sì dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n irọ́ yunifásítì tán lẹ́nu rẹ̀. Kí àlejò tó jókòó ló ti ń sọ ọ́: "Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí lọmọ mi ń lọ. Òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ bá mi láyé."

Lọ́jọ́ kan ó bi ọmọ náà pé, "Ṣé wọ́n ń gba àgbàlagbà níbẹ̀?"

"Wọ́n ń gbà wọ́n, Bàbá mi. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé wà fáwọn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà wa, kẹ́ ẹ parí ẹ̀ ní òmíràn, ìwé ẹ̀rí kan náà ni."

Ní Sátidé àkọ́kọ́, olùkọ́ ní kí kálukú sọ ohun tó gbé e wá. Ọ̀gá dìde láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ.

"Èèyàn mẹ́rìnlá ni mo ti kọ́ níṣẹ́ yìí," ó ní. "Mi ò kọ́ ìkankan nínú wọn bó ṣe máa délé láàyè. Nítorí wọn ni mo ṣe wá."



Ìwọ òǹkàwé, bí o bá ti kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́, bi ara rẹ ní ohun tí o fi sílẹ̀ tí o kò kọ́ ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, lọ kọ́ ọ. Ojútì kò sí nínú kíláàsì. Ọ̀gá ti rí mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti kọ́ wọn ní ohun tó fi sílẹ̀. Ó ṣì ń wá márùn-ún tó kù.