Píìnì Kejì

Píìnì kékeré náà já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Sípánà, ó sì tètè gbá a mú kó tó yí lọ. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan, gírísì ti kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, ọrùn sì ń ro ó.

Bàbá rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì náà. Òun náà ló sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ní Sípánà, nítorí pé láti ìgbà tó ti ń rákòrò ló ti ń fi sípánà ṣeré. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ láìdúró tì í.

Bàbá Tíṣà, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ọ̀hún ti pẹ́ láyé débi pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é pàápàá ti gbàgbé pé òun ṣe é rí. Ṣáàfù rẹ̀, irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí táyà, ló ń dún kàkàkà bó bá ti fẹ́ yà ní kọ́nà. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kí wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n píìnì, irin kéékèèké tí wọ́n kì bọ ihò rẹ̀, ló dè é mọ́ gíà.

“Méjì ni o,” bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀. “Ọ̀kan wà nínú ọ̀kan. Bí kékeré bá jáde, ńlá ṣì wà níbẹ̀. Gírísì máa ń bò ó, má jẹ́ kó tàn ẹ́ jẹ.”

Sípánà gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ lé píìnì ńlá náà, ó lù ú, ó tún lù ú. Kò mira. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń pè é lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn ti wọ pápá, àṣekágbá sì ni.

Ó jáde, ó ń nu ọwọ́.

“Àwọn píìnì ńkọ́?” ni bàbá rẹ̀ bi í.

“Wọ́n ti jáde, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “O káre, ọmọ mi. Máa lọ wo bọ́ọ̀lù ẹ. Ó kù sí mi lọ́wọ́.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Sípánà kò tilẹ̀ lo wákàtí méjì.

Nígbà tó padà dé, òógùn ti bo bàbá rẹ̀, ó sì fi àkísà di ọwọ́ tó bó. Wẹ́dà, ẹni tó ń fi iná jó irin ní òdìkejì títì, ti gbé gáàsì rẹ̀ dé. Bàbá Tíṣà jókòó sórí táyà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń tu aláìsàn nínú.

“Mo ti fa ṣáàfù yìí, mo ti lù ú, mo ti da ọ́ìlì sí i,” bàbá Sípánà ń ṣàlàyé. “Ìpáàrà ti lẹ̀ ẹ́ pa. Àfi ká gé e, sà. Mi ò sì mọ ibi tá a ti máa rí òmíràn.”

“Ọkọ̀ yìí ni mo fi gbé ìyá wọn lọ bí àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,” ni Bàbá Tíṣà wí. “Bó bá jẹ́ ibi tó máa bá wa dé nìyí, kò burú.”

Ó burú, ojú rẹ̀ sì fi hàn. Wẹ́dà ṣáná sí gáàsì.

Sípánà sún mọ́ wọn. Ọkàn kan ní kó dákẹ́, pé ìpáàrà ni gbogbo ènìyàn yóò dá lẹ́bi, ìpáàrà kò sì lẹ́nu tí yóò fi rojọ́. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó wo Bàbá Tíṣà.

“Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Kì í ṣe ìpáàrà. Píìnì ńlá ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan péré ni mo yọ. Mo purọ́ fún yín, Bàbá.”

Wẹ́dà pa iná rẹ̀. Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, kò jágbe.

“Mú òòlù wá,” ló wí.

Àwọn méjèèjì wọ abẹ́ ọkọ̀. Bàbá nu gírísì kúrò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, píìnì ńlá sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó di irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú, Sípánà ń lù ú. Nígbà tó lù ú lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó sún. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá, ó bọ́. Ọwọ́ kan ni bàbá fi mú ṣáàfù, ó mì í díẹ̀, ó sì yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Sípánà mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín àti ẹkún ló jọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Lókè, Bàbá Tíṣà ti bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ ní ó lágídí. Ẹ kò tíì ṣílẹ̀kùn fún un ni.”

Sípánà kúnlẹ̀, ó bẹ àwọn méjèèjì.

“Kì í ṣe ọwọ́ tó bó yìí ló dùn mí,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ká ní o sọ pé kò tíì jáde ni, ǹ bá yọ ọ́ fúnra mi, ò bá sì lọ wo bọ́ọ̀lù ẹ. ‘Kò tíì tán’ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni àwọn tó wà lókè fi ń ṣiṣẹ́. Dìde. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ yìí náà ní ṣáàfù tiẹ̀.”

Ó fi òòlù lé e lọ́wọ́, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Ara Sípánà fúyẹ́ bó ti ń wọ abẹ́ ọkọ̀ padà. Ó ti rí i pé ìtìjú òtítọ́ kì í pẹ́ lára, ṣùgbọ́n irọ́ kékeré lè ba ohun tí owó kò lè rà padà jẹ́.

Láìpẹ́, ohùn rẹ̀ jáde láti abẹ́ ọkọ̀. “Bàbá, kékeré ti bọ́. Ńlá kò tíì jáde.”

“Mo gbọ́,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn. “Mò ń bọ̀ wá bá ẹ dì í mú.”