Ọ̀gá Àánú àti Datsun Àáfà

Ní agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjìlá, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 2021, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, ẹni náà kò sí níbẹ̀. Ọyẹ́ ṣì wà lójú ọ̀run. Ó bo gbogbo àdúgbò Basin ní Ìlọrin bí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a kò fi mọ ibi tí òrùlé parí sí àti ibi tí sánmà ti bẹ̀rẹ̀. Láti inú ọyẹ́ náà ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ti yọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì kan, ọkùnrin kan sì sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọkùnrin náà ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Jálábíà funfun tí ó wọ̀ ń tàn nínú eruku. Ó gbé ohun kan mọ́ àyà, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó gbé ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Àánúolúwapọ̀, tí wọ́n ń pè ní Àánú, fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kan, nítorí náà ẹsẹ̀ àlejò ni ó kọ́kọ́ rí: bàtà aláwọ pupa, gìgísẹ̀ tí ó mọ́ tónítóní. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ẹni yìí kò mọ ọ̀nà ilé mẹkáníìkì rí.

“Àsàlámù àlékùn. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ọ̀gá.”

“Ọ̀gá ń gbọ́ yín.”

“Ọ̀gá fúnra wọn ni mo fẹ́ rí, màmá.”

Àánú wọ́ jáde, òróró ẹ́ńjìnì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, sípánà lọ́wọ́. “Ọ̀gá ni ẹ ń wò yìí. N kò sì tíì bí ẹni tí yóò máa pè mí ní màmá.”

Ojú ti ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ borí ìtìjú náà. Ó ṣí aṣọ ìnura náà. Kabureto méjì, ẹ̀rọ tí ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnì, ni ó wà nínú rẹ̀, ìbejì, wọ́n jọra bí ojú méjèèjì ènìyàn kan. Àánú gbé sípánà sílẹ̀.

“Ti Datsun SSS ni èyí,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. “Ti ọkọ̀ ìje. Ibo ni ẹ ti rí i?”

“Lẹ́yìn Ọjà-Ọba, láàárín àwọn tí ń ta àlòkù irin. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá a. Ẹni tí ó ní i fi di ilẹ̀kùn rẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbá a.”

Àánú rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ahmad ni orúkọ ọkùnrin náà. Èdè Lárúbáwá ni ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Àáfà. Bàbá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó ni Datsun náà; ó fi sáré ìje nígbà èwe rẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ti dákẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àánú ní tirẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó kọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ṣí ilé-iṣẹ́ sí iwájú ilé bàbá rẹ̀. Títún ẹ́ńjìnì ṣe láti ìdí dé orí ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Wọ́n fa Datsun náà wá ní ọjọ́ kẹta. Àánú tú u palẹ̀, ó fara balẹ̀ wo gbogbo ara rẹ̀, ó sì ní yóò jí.

Láti ọjọ́ náà ni Ahmad ti ń yà wá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn kíláàsì. Ó kọ́kọ́ ń jókòó lórí àga. Nígbà tí ó ṣe, ó ká ọwọ́ jálábíà sókè. Nígbà tí ó tún ṣe, ó ra aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀. Àánú kọ́ ọ bí a ti ń fi ìka pa ojú sílíńdà, ihò inú ẹ́ńjìnì, láti mọ ibi tí irin ti jẹ. Ahmad a di ojú, a máa fi ìka rìn lára irin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, oòrùn ìrọ̀lẹ́ a sì máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́ páànù, a sọ òróró tí ó wà nílẹ̀ di wúrà. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì a gbàgbé ohun tí wọ́n ń wá.

“Àáfà, sílíńdà ni mo ní kí ẹ fi ìka pa, kì í ṣe ọwọ́ mi.”

“Ẹ forí jì mí, Ọ̀gá. Ìkan nínú wọn ló ń gbóná, mo rò pé ẹ́ńjìnì ti jí.”

“Ẹ gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ!”

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, kò sí ẹni tí ó ń pe ẹnìkejì ní “ẹ” mọ́.

Bàbá Àánú, Olúfẹ́mi, ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í gbé gègé ìkọ̀wé sílẹ̀ láìdé e. Àánú nìkan ni ọmọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ní ọjọ́ tí Ahmad wá sọ fún un pé òun fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì fún un ní omi mu.

“Ọmọ dáadáa ni ọ́,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni ọ́, ọmọ ìjọ ni ọmọ mi. Ilé tí a tọ́ ọ sí àti ilé tí a tọ́ ọmọ mi sí kò jọra. Ní ọjọ́ tí nǹkan bá le, ẹ̀yin méjèèjì kò ní mọ ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. N kò lè fọwọ́ sí i.”

Àánú ti sọ ọ́ láti ìgbà pípẹ́ pé òun kò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí. Ó sọ ọ́ nígbà tí kò tíì mọ Ahmad. Nísinsìnyí ó di ohun tí ó ń gbé kiri lọ́kàn, tí kò rí ibi gbé e sí.

“Ṣé kí n máà wá mọ́?” ni Ahmad bi í.

“Ta ni yóò wá fọ irin fún mi?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá iṣẹ́ lọ, títí wọ́n fi kan kọ́ńrọ́ọ̀dù. Irin mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó so písítìnì kan mọ́ kíráńkì, irin gígùn tí ń yí ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìdérí tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ìdérí ọ̀kan dé èkejì, nítorí papọ̀ ni a gbẹ́ wọn. Nọ́ńbà ara wọn ti parẹ́ tipẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, Àánú ìbá ti fi ìṣó sàmì sí wọn kí ó tó tú wọn. Lọ́jọ́ náà, Ahmad ń sọ bí òun ṣe sùn sínú Datsun náà nígbà èwe tí òun lá àlá pé ó ń fò kọjá lórí ààfin. Àánú ń rẹ́rìn-ín, ó ń tú ìdérí, ó ń nà án sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Fi epo fọ̀ wọ́n. Tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ sórí aṣọ yẹn, láti ìkíní dé ìkẹrin.”

Ahmad fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì lọ kírun. Àánú jókòó, ó kó wọn lẹ́sẹẹsẹ, ó dì wọ́n. Nígbà tí ó yí kíráńkì, ó le díẹ̀. Ó ní nítorí pé bẹ́rìn rẹ̀ ṣì tuntun ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, wọ́n tàn án. Ẹ́ńjìnì náà jí! Ó kọrin fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ohùn tí ó jinlẹ̀ tí ó sì dùn, tí ó mú kí Ahmad fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ẹni fi òòlù lu irin. Ó kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó há, ó dákẹ́. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì.

Àánú tú u. Kíráńkì ti há, kọ́ńrọ́ọ̀dù méjì ti tẹ̀. Ó wo àwọn ìdérí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ahmad, fi bí o ṣe tò wọ́n hàn mí.”

Ahmad tò wọ́n. “Èyí ni ìkíní.” Ọwọ́ ọ̀tún ni ó wà.

“Ìkíní? Láti ibo?”

“Láti ọ̀tún. Ibo ni wọ́n tún ń ti bẹ̀rẹ̀?”

Bí ó ti rí nìyẹn. Láti kékeré ni Ahmad ti ń kọ Lárúbáwá láti ọ̀tún sórí wàláà. Láti kékeré ni Àánú ti ń kọ̀wé láti òsì nínú ìwé bàbá rẹ̀. Kò sí èyí tí ó ronú láti béèrè.

Ìbànújẹ́ ni ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe Àánú. Ṣùgbọ́n ẹnu Àánú ni ó ti jáde. “Mi ò tètè mọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé láti ẹ̀yìn, kí ni ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́? Gbé ọkọ̀ rẹ, kí o máa lọ!”

Ahmad wò ó. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ náà, ó ká a, ó gbé e sórí àga. “Ọ̀rọ̀ tí o sọ sí ọwọ́ mi, mo gbà á. Èyí tí o sọ sí ìwé mi, n kò gbà á.” Ó sì lọ.

Bàbá Àánú ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì rọra pa fèrèsé náà dé. Ìyẹn ni ó dun Àánú jù, nítorí òun náà ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá òótọ́ ni bàbá òun sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Datsun náà wà lábẹ́ páànù, Àánú kì í sì í lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kàn án. Ó wá kíráńkì kiri Ìlọrin, kò rí. Níkẹyìn, awakọ̀ kan sọ fún un pé àgbẹ̀ obìnrin kan wà ní abúlé lẹ́yìn ìlú, Asabe ni orúkọ rẹ̀, tí ń fi ẹ́ńjìnì Datsun àtijọ́ fa omi sí oko tòmátì. Àánú gun ọ̀kadà lọ. Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì náà láti òkèèrè kí ó tó rí i, orí rẹ̀ sì wú. Kò tíì bá Asabe dúnàádúrà tí ó fi padà sí ìlú. Ẹlòmíràn wà tí ó ní láti kọ́kọ́ rí.

Àwọn ìyá àgbà mọ́kànlá ni ó bá ní kíláàsì Ahmad. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sẹ́yìn lórí ẹní.

“Àáfà,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, “arẹwà kan jókòó sẹ́yìn mi, ó ń rùn bí epo bẹntiróòlù.”

“Mo rí wọn, Ìyá.”

“Ẹ ti rí wọn, ẹ wá ń kọ́ wa ní ohun tí ẹ kọ́ wa lánàá!”

Ẹ̀rín bo iyàrá náà. Àánú kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. “Mo fi ìwé yín ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé inú ń bí mi. Èmi ni ó yẹ kí ó sàmì sí irin náà. Èmi ni mo mọ̀ pé kíráńkì le, tí mo sì fi agídí tì í. Ẹ forí jì mí.”

Ahmad wo ọwọ́ Àánú tí òróró ti wọ̀ lábẹ́ èékánná, ó sì pa ìwé tí ó mú lọ́wọ́ dé.

“Àáfà, ẹ gbé e dìde,” ni ìyá àgbà náà wí, “orúnkún ọmọ ń dùn ún.” Ahmad na ọwọ́, ó sì gbé e dìde.

Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ lọ bá a lóko, Asabe kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ó kan ọkọ̀ ìje. “Tòmátì mi kì í mu ìtàn,” ni ó wí. “Ẹ gbé ẹ̀rọ mìíràn wá tí yóò máa fa omi. Ọjọ́ tí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ẹ óò gbé tèmi.” Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun lọ, Àánú tò ó, Ahmad wa kòtò, omi sì sáré gba àárín ebè lọ, ó ń dán bí dígí. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi padà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì náà lẹ́yìn wọn, Ahmad wo oko ọkà tí ń rọra kọjá.

“Àánú mi, ṣé o ó fẹ́ mi?”

“Bàbá kò tíì yí ohùn padà.”

“Bàbá kọ́ ni mo bi.”

“Mo mọ̀, olólùfẹ́. Èmi náà ni n kò tíì lè dá lóhùn.”

Wọ́n tú kíráńkì àti kọ́ńrọ́ọ̀dù kúrò nínú ẹ́ńjìnì Asabe, wọ́n sàmì sí wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ti Datsun náà. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé òfin kan kalẹ̀: kò sí irin tí wọn yóò fi lé ara wọn lọ́wọ́ láìpe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá nà án yóò sọ ohun tí ó jẹ́ àti ibi tí ó ti wá. Ẹni tí ó bá gbà á yóò tún un sọ. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dọ́gba, wọn yóò dúró.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, bàbá Àánú gbé àga jáde, ó wá jókòó sí ilé-iṣẹ́ náà, ó ń wò wọ́n.

“Ìdérí ìkẹta, àmì ìkẹta.”

“Ìdérí ìkẹta. Dúró, Ahmad. Òdìkejì ni o kọjú rẹ̀ sí.”

“Kì í ṣe òdìkejì. Wo àmì náà dáadáa, Ọ̀gá mi.”

Ó wò ó. “Òótọ́ ni o sọ.”

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Kíráńkì yí wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ Àánú. Nígbà tí wọ́n tàn án, ẹ́ńjìnì náà jí, ó kọrin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá. Mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Afẹ́fẹ́ gbóná jáde lára rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn afẹ́fẹ́ náà ń mì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ohun tí a rí lójú àlá.

Olúfẹ́mi dìde. Ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

“Mo ní ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Mo kà á láàárọ̀ yìí: ìgbà méje ni ọ̀rọ̀ yín kò bára mu. Kò sí nọ́ọ̀tù kan tí ẹ dì kí ẹ tó gbọ́ ara yín yé. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n n kò ní pàṣẹ fún ọ, Àánúolúwapọ̀. Ìwọ ni o ní kí ó máa lọ. Ìwọ ni yóò sọ bóyá yóò dúró.”

Àánú yíjú sí Ahmad. “Bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́?”

“N óò gbé ọ lọ, n óò sì dúró dè ọ́.”

“Bí mo bá ń ti iṣẹ́ dé pẹ̀lú òróró lára ńkọ́?”

“Ta ni yóò wá mọ̀ pé ìwọ ni, bí kò bá sí òróró?”

Bàbá rẹ̀ wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́. Àánú kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó rò ó láti ìdí dé orí bí ó ti máa ń ro iṣẹ́, kò kánjú, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnì kí wọ́n lè gbọ́ òun dáadáa, ó sì sọ fún àwọn méjèèjì pé òun yóò fẹ́ Ahmad.