Iná Inú Òjíjí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Adédùntán, ẹja ló gbé wá bá mi.

Ọdún 1991 ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkukù, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síbẹ̀ láti máa kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì. Ó gbé ike omi kan wọ láàbù, ó rọra sọ̀ ọ́ sórí tábìlì mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní mítà tí ẹ fi ń wọn iná."

Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó tọ́ka sínú ike náà. Òjíjí kan wà níbẹ̀, ó sanra, kò mira. Apẹja kan ló bá a mú un nínú Odò Ọ̀tìn, lápá Inísà tí í ṣe ìlú rẹ̀.

"Gbogbo wa la mọ̀ pé òjíjí máa ń gbọn èèyàn," ó ní. "Èmi fẹ́ mọ bí ẹran ara ṣe ń di bátìrì."

Èmi ọmọ Ìkìrun, mo rò pé mo gbọ́n. Mo na ìka kan ẹja náà. Ohun tó gbá mi lọ́wọ́, n kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ìdí mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Adédùntán ò rẹ́rìn-ín. Ó fa bírò yọ, ó ní, "Ṣé ó dé èjìká yín, àbí ìgbọ̀nwọ́ ló mọ?" Ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Sátidé kan kì í kọjá kí n má gun ọ̀kadà lọ sí Inísà. Ó fẹ́ ka ìwé kún ìwé ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti pa bàọ́lọ́jì àti físíìsì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìṣirò rẹ̀ kò tíì tó. Mo wá ń kọ́ ọ ní ìṣirò lábẹ́ igi òrombó bàbá rẹ̀. Bàbá náà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ṣe bí ẹni tó ń ka Bíbélì, àwa ló ń wò.

Lọ́jọ́ kan, Adédùntán gba bírò lọ́wọ́ mi. "Sọjí, ibí yìí lo ti ṣì í."

Òótọ́ ni, mo ṣì í. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé kò pè mí ní "ẹ" mọ́.

"Dùntán mi," mo ní, "mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

"Mo ti ń retí kí o sọ ọ́. Àmọ́ màá kàwé mi tán o."

"Ta ló ní kí o má kà á?"

Màmá mi ni.

Màmá mi ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Ìkìrun. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní, "Ọdún mélòó ni ìwé yìí?"

"Ọdún méjì, mà, bí wọn ò bá daṣẹ́ sílẹ̀."

"Wọ́n á daṣẹ́ sílẹ̀. Olúsọjí, ọmọ mélòó ni ẹja máa bí fún mi? Wo Jọkẹ́ tó ń ránṣọ ní Ìbà. Ó níwà, kò sì ní òjíjí kankan nílé."

Àṣé wọ́n mọ̀ ọ́n wí. Adédùntán wọlé sí yunifásítì lọ́dún 1992, ìyanṣẹ́lódì sì tẹ̀ lé ìyanṣẹ́lódì. Ọdún méjì di mẹ́ta. Nígbà tó di 1995, màmá mi ránṣẹ́ pe àwọn òbí Jọkẹ́ wá sílé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé mo ti ní ẹni tí mò ń fẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀.

Adédùntán gbọ́. Kò kọ lẹ́tà. Ó wọkọ̀ wá sí Ìkìrun, ó ní kí n mú òun lọ sí ìsọ̀ màmá mi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà."

Màmá mi ń ṣa bọ́tìnì lọ. "Ìwọ ni ẹlẹ́ja?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni iná inú ẹja fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni?"

"Mà, irú iná bẹ́ẹ̀ wà lára tiwa náà, kékeré ni. Òun ló ń sọ fún ọkàn pé kó lù. Bí ó bá ṣe ségesège, ọkàn lè dákẹ́ lójijì."

Ọwọ́ màmá mi dúró.

"Okùn bàtà ni ọkọ mi ń so tó fi ṣubú, tó sì kú," wọ́n ní. "Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ogún ọdún rèé, mò ń wo ojú àwọn ará ilé rẹ̀, mò ń rò ó pé ta ni nínú wọn." Wọ́n gbójú sókè. "Ṣé iná yẹn ló kú lára rẹ̀?"

Mo gbàdúrà nínú mi pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"N kò mọ̀, mà," Adédùntán dáhùn. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò lè parọ́ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ sí i."

Màmá mi gbé bọ́tìnì wọn sílẹ̀. Wọ́n fa àpótí ìjókòó jáde.

"Dìde nílẹ̀, jókòó. Gbogbo ẹni tó ti bá mi sọ̀rọ̀ ikú yẹn ló mọ ìdí rẹ̀ dájúdájú. Ìwọ ni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun ò mọ̀."

Oṣù Kejìlá ọdún náà la ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi ní Ìkìrun. Màmá mi fúnra wọn ló lọ pe àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí wọn ò kí láti ogún ọdún. Àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo rí i tí wọ́n ń fi gèlè nu ojú ara wọn.

Ó ku oṣù díẹ̀ kí ìyàwó mi parí ìwé rẹ̀. Àwọn ẹbí ní kó kọ́kọ́ jókòó ti ọkọ. Ní ọjọ́ kẹrin ìgbéyàwó, màmá mi fúnra wọn gbé báàgì ìyàwó mi rù, ó di gáréèjì, èmi àti ìyàwó mi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Awakọ̀ Òṣogbo wo làálì tó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó mi orí.

"Màmá, ṣé ìyàwó tuntun yìí ò ní dúró nílé ọkọ ni?"

Màmá mi ti báàgì náà sábẹ́ ìjókòó, wọ́n tún gèlè wọn wé.

"Ilé ọkọ ò sá lọ síbì kan. Ìwọ ṣáà rọra wakọ̀ rẹ."