Ògiri Tó Fẹ́ Bo Fèrèsé Aránṣọ

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán, ìdí fèrèsé ẹ̀yìn ni Ìyá Aránṣọ máa ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn àtijọ́ ni fèrèsé náà kọjú sí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í pa, tí wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ sí tuntun. Ilé kúkurú tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ ló wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Òrùn máa ń gba orí rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì aránṣọ.

Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìhà kejì ọsibítù náà wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi í jẹ alága ohunkóhun.

"Ìyá Aránṣọ, ṣé ẹ rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì ọsibítù?"

"Mo rí i. Mi ò ráyè kà á. Aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi."

"Wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé gbígbé. Wọ́n ní ká wá sípàdé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. A ò ní lọ! Ẹni tó bá yọjú síbẹ̀, wọ́n á ní ó ti fọwọ́ sí i. Ká jókòó sílé wa jẹ́jẹ́. Tí wọn ò bá rí ẹnì kankan, ojú á tì wọ́n."

"Ó dáa, tí ẹ bá ti wí bẹ́ẹ̀, Alága."

Nírọ̀lẹ́, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin yà kí i. Ayàwòrán ilé ni. Adúmáadán ni Ìyá Aránṣọ ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

"Ọkọ mi, Adúmáadán, ẹ káàbọ̀. Ẹ rọra tẹ aṣọ yẹn o, abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀."

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ máa lọ sípàdé ọsibítù yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Alága ní ẹni tó bá lọ ti fọwọ́ sí i."

Adúmáadán bú sẹ́rìn-ín. "Alága tó ń gẹrun fún èèyàn ló ń túmọ̀ òfin! Ẹ gbọ́ mi. Ìjọba ti pín ilẹ̀ ìlú. Ibì kan wà fún ilé gbígbé, ibì kan fún ọjà. Ìwòsàn ni wọ́n ya ilẹ̀ ẹ̀yìn yín yìí sọ́tọ̀ fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ ilé gbígbé, àfi kó tọrọ ìyọ̀ǹda. Ìdí ìpàdé yẹn nìyẹn. Tí ẹ ò bá lọ, wọ́n á kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ta kò ó."

"Kí wọ́n kọ́ ọ o. Ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ṣáà ń wá ilé. Inú yàrá kan ni wọ́n há mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wo àwòrán ilé náà. Ohun méjì ni wọ́n ń tọrọ. Àkọ́kọ́ ni ilé gbígbé yẹn. Èkejì ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé ògiri alájà mẹ́rin sún mọ́ fẹ́ǹsì ní ìhà méjèèjì ju bí òfin ṣe gbà lọ."

Ó gbé páálí ńlá tí Ìyá Aránṣọ fi ń gé aṣọ, ó fi dí fèrèsé.

"Ẹ máa rán aṣọ dúdú yẹn lọ."

"Kí ni mo fẹ́ fi rí i? Òwú dúdú lórí aṣọ dúdú! Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ jọ̀ọ́, kí n má gún ara mi lọ́wọ́."

"Páálí nìyí, ó ṣeé gbé kúrò."

Ìyá Aránṣọ gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá lọ sọ pé mi ò fẹ́ ilé kankan níbẹ̀!"

"Ọmọ yín tó ń wá ilé ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ dìde, ó gbé páálí náà kúrò lójú fèrèsé.

"Ìgbìmọ̀ tó máa ṣe ìpàdé yẹn lè yọ̀ǹda nǹkan kan, kí wọ́n má yọ̀ǹda èkejì. Ohun tó ń dùn yín gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi báyìí."

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, àwọn méjèèjì lọ. Ta ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn bí kò ṣe Alága?

"Mi ò wá o," ló sọ kí wọ́n tó kí i. "Mo kàn ń kọjá lọ ni."

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ka ohun tí onílé tó fẹ́ kọ́lé náà tọrọ, ó sì bèèrè ẹni tó ní ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá Aránṣọ dìde.

"Ẹ kọ́ ilé náà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tèmi gan-an ń wá ilé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sún ògiri yẹn sẹ́yìn. Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé yẹn wọlé ni mo fi ń jẹun."

"Tí a bá sún ògiri, yàrá máa dín," ni aṣojú onílé wí.

"Ó máa dín díẹ̀," ni olórí ìgbìmọ̀ dáhùn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbójú sókè. "Bàbá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ẹ ní nǹkan kan láti sọ?"

"Rárá o. Mi ò sí níbí."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ forí korí, wọ́n sì padà wá sọ ìpinnu wọn. Kí wọ́n fi ilẹ̀ náà kọ́ ilé gbígbé. Ní ìhà ti aránṣọ, kí ògiri sún sẹ́yìn bí òfin ṣe wí. Ní ìhà ti onígbàjámọ̀, níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe tọrọ rẹ̀.

Alága fò wọlé. "Ìhà tèmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan o!"

"Bàbá, a bi yín," ni olórí ìgbìmọ̀ fohùn pẹ̀lẹ́ wí. "Ẹ ní ẹ ò sí níbí."

Adúmáadán mú un lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ bi akọ̀wé bóyá àyè ṣì wà láti pe ìpinnu náà níjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn máa gùn, Bàbá."

Ẹ̀yin ará àdúgbò, tí ẹ bá rí ìwé ìkéde lára géètì tàbí ògiri, ẹ dúró kà á. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó bẹ ẹlòmíràn kó kà á fún un. Ẹ lọ wo àwòrán ilé náà kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹ bèèrè ohun tí òfin gbà àti ohun tí onílé fẹ́ kọjá rẹ̀. Lílọ sípàdé kì í ṣe ìfọwọ́sí. Tí ẹ bá fẹ́ ilé náà, tí apá kan nínú rẹ̀ sì máa pa yín lára, ẹ sọ méjèèjì. Ẹ jókòó, ẹ sọ orúkọ yín, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ wá.