Ohùn Kúlúsúmù Ọlọ́ṣẹ

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Kúlúsúmù ọlọ́ṣẹ tún na ọwọ́ òsì sí gèlè tó wà lára ìṣó. Hikmat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, mọ ohun tó ń fẹ́. Ó wé gèlè náà fún un, ó nu itọ́ tó ń kán ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó wá gbé àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àsìkò yìí ni wọ́n máa ń wá kí aláìsàn ní Bẹyẹrúnkà, obìnrin náà kò sì fẹ́ kí àlejò bá òun láìwérí.

Àlejò kankan kò wá. Kò sẹ́ni tó wá lánàá, kò sẹ́ni tó wá níjẹta, kò sì sẹ́ni tí yóò wá lọ́la. Ọmọ tó wé gèlè fún un yìí gan-an ló mọ ìdí rẹ̀.

Ìdí ìkòkò ọṣẹ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Kúlúsúmù ṣánlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì gbé e padà wálé láàyè, àmọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo. Obìnrin tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń tajà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu kò ju "ta" lọ. Bó bá ti gbọ́ ìró bàtà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, yóò yíjú sí ọmọ rẹ̀, yóò ní, "Ta? Ta?" Hikmat yóò dáhùn pé Bàbá Fàsásì ni. Bàbá Fàsásì ni ẹ̀gbọ́n bàbá Hikmat tó ti dolóògbé, òun ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Bí Kúlúsúmù bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, yóò tún kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó ń retí jù ni Felicia tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí Felicia bí Ọládiípọ̀, àkọ́bí rẹ̀, kò ní ìyá láyé tí yóò bá a wẹ ọmọ. Ọkọ rẹ̀ wá ra ọṣẹ dúdú àti kànhìnkàn ní ìsọ̀ Kúlúsúmù ní Ọjà'ba, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó bí ẹni tó sọnù. Kúlúsúmù kó igbá ọjà rẹ̀ fún aládùúgbò, ó tẹ̀lé ọkùnrin náà délé. Àràárọ̀ ló ń lọ wẹ ọmọ náà títí ìwọ́ rẹ̀ fi já. Láti ìgbà náà, "ìyá mi" ni Felicia ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Bí Kúlúsúmù ṣe ń ṣe sí gbogbo oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn, ó mọ ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń sú èéyi, ó mọ ẹni tí ìyá ọkọ ń fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń rajà láti Èkó àti Àbújá wá pọ̀, Hikmat àti Ògoolúwa, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó mọ fóònù tú palẹ̀, fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, sórí Wásáàpù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń sọ iye ọjà, ó ń gba iṣẹ́, ó ń sọ gáréèjì tí ẹrù yóò gbà lọ. Inú Kúlúsúmù dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ó pa àṣẹ kan fún ọmọ rẹ̀.

"Jẹ́ kó máa sọ iye ọjà," ó ní. "Ìkíni, èmi ni mo ni ín."

Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò jókòó ti fóònù, yóò wúkọ́ díẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ni yóò sì fi parí rẹ̀.

Ìgbà tí àìsàn dé, Bàbá Fàsásì ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n má jẹ́ kí ayé gbọ́. Ẹ̀rù àwọn ọ̀tá ń ba bàbá náà, ó sì rò pé ìyàwó àbúrò òun yóò dìde láìpẹ́. Ẹ má bá a wí jù, ọ̀pọ̀ wa ni ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń wá na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Kúlúsúmù pe Hikmat sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bá a sọ òdodo ọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tí Màmá fẹ́ràn máa wá bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́," nọ́ọ̀sì náà ní. "Oògùn tí mo ní fún ẹnu wọn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tì wọ́n mọ́lé báyìí, ẹnu yẹn lè má ṣí mọ́, ìbànújẹ́ sì lè ṣe ju àìsàn lọ."

Hikmat gbọ́, ó yé e yéké. Kò sọ fún Bàbá Fàsásì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí àwọn oníbàárà bá mọ̀ pé ìyá òun ti dùbúlẹ̀, ọ̀dọ̀ ọlọ́ṣẹ mìíràn ni wọn yóò gbà lọ, bẹ́ẹ̀ owó ọjà ni yóò fi san owó ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ tó ti dé tán. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń pè é ní "CEO", ìyẹn ọ̀gá àgbà, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Kò fẹ́ kó bọ́ lára òun.

Ó kó àwọn ohùn àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ jọ, ó gbé wọn fún Ògoolúwa pé kó kọ́ ẹ̀rọ náà ní ohùn ìyá òun. Ògoolúwa bi í bóyá Màmá mọ̀ sí i. Hikmat ní wọ́n mọ̀, àwọn gan-an ló rán òun. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ohùn Kúlúsúmù jáde láti inú fóònù, ó já gaara, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ tó máa ń wú àti ẹ̀rín tó fi ń parí ọ̀rọ̀. Hikmat sọ fún àwọn ará ìsọ̀ ní Ọjà'ba pé ìyá òun lọ ra òrí ní Ṣakí, pé ibẹ̀ ni yóò gbà lọ sinmi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, tó fi ohùn kí i lórí Wásáàpù, ohùn Kúlúsúmù á kí i padà, á béèrè ọmọ, á béèrè ọkọ, á gbàdúrà fún un. Ta ni yóò wá tún máa bọ̀ ní Bẹyẹrúnkà láti wá wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín láàárọ̀?

Ọjà sì ń tà. Ẹ̀rọ náà kì í gbàgbé orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni, kì í sùn, inú kì í bí i. Obìnrin tó ń bá wọn po ọṣẹ kò ráyè jókòó.

Nínú ilé, Kúlúsúmù ń wé gèlè lójoojúmọ́, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ojú òsì nìkan ló sì lè pa dé. Hikmat nu omijé náà fún un.

"Wọ́n ń kí yín, Màámi," ó ní. "Ọwọ́ wọn ló dí."

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ìyá tó bí i nìyẹn. Kúlúsúmù wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó dà bí ẹni pé ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó ti wẹ̀ lọ́kàn, tó ń wá èyí tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lè dí tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù ọjà kì í kúrò nílé tí Hikmat bá lọ sí ilé ìwé, torí wọn kì í gba fóònù níbẹ̀. Orí tábìlì ló máa ń wà, nídìí iná. Lọ́jọ́ kan, Hikmat gbàgbé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, nítòsí ọwọ́ òsì ìyá rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé lọ́sàn-án, fóònù náà wà láyà Kúlúsúmù, ojú obìnrin náà sì wà lára àjà.

Hikmat mú fóònù náà, ó wò ó. Ìyá rẹ̀ ti wá orúkọ Felicia kàn. Ó ti fi àtàǹpàkò òsì tẹ ibi tí wọ́n ti ń ká ohùn sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe kó tó dùbúlẹ̀, ó sì ti fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́. Hikmat tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ èémí líle, ó gbọ́ "Ta. Ta. Ta," àti ẹkún kan tí kò lè jáde tán. Lẹ́yìn náà ni Felicia fèsì, ó ń béèrè pé kí ni ìyá òun ń wí yẹn, òun ò gbọ́ ọ. Kí ọwọ́ òsì Kúlúsúmù tó tún rí ibi tẹ̀, ẹ̀rọ ti dá Felicia lóhùn. Ohùn Kúlúsúmù ni, ó mọ́ kedere, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, ìyá Ọládiípọ̀. Ọmọdé kan ló ń fi fóònù mi ṣeré." Ó wá rẹ́rìn-ín. Felicia náà rẹ́rìn-ín padà, ó ní kí wọ́n bá òun na ọmọ náà ní pàṣán.

Kúlúsúmù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àyè ṣì wà nígbà yẹn. Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí Bẹyẹrúnkà, Hikmat ì bá sáré lọ, ì bá pe Felicia lórí fóònù kan náà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó rò ó pé bí Felicia bá dé, gbogbo irọ́ òun ni yóò tú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tí òun bá ti ṣe ìdánwò tán, òun yóò sọ fún gbogbo wọn. Ó gbé fóònù náà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò lè dé.

Láti ọjọ́ náà, Kúlúsúmù kò na ọwọ́ sí gèlè mọ́. Bí wọ́n bá gbé àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, yóò yí ọrùn sí ara ògiri. Oúnjẹ dénú ẹnu rẹ̀, ó tu ú dànù. Bí Bàbá Fàsásì bá wọlé, kò béèrè ẹni tó ń bọ̀ mọ́. Hikmat wá ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yìí ju ẹkún lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé ìyá náà dìde, kó má dúró dè mí. Ìdánwò Hikmat kò tíì parí tí ìyá rẹ̀ fi kú ní ìdájí, tó kọjú sí ògiri.

Bàbá Fàsásì ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Ẹni tí wọ́n rán sí Felicia ní obìnrin náà kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó ní irọ́ ni, ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kí òun láàárọ̀ yìí ni. Òótọ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ náà, ó ti kí gbogbo wọn kárí bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, ó ti bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n kírun sí òkú lára, wọ́n sin ín. Gbogbo ẹni tí Kúlúsúmù ti ń wé gèlè dè ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kún ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n kún ìta, ẹni tí kò ráyè jókòó dúró sínú oòrùn. Hikmat kò lè purọ́ mọ́, ó jẹ́wọ́ níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó nà án. Ì bá sàn fún un kí wọ́n nà án. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń yọ fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ ohùn ìyá rẹ̀ sí i létí, wọ́n ń bi í léèrè pé, "Èyí ńkọ́? Ṣé òun ni àbí ẹ̀rọ?"

Ó ń dáhùn. Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ni. Màámi ni. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ òmíràn sí i létí tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó tún un gbọ́, ó tún un gbọ́, kò mọ ohùn ìyá rẹ̀ mọ́. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀.

Felicia ló kẹ́yìn. Ó jókòó sórí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ fóònù rẹ̀. "Ta. Ta. Ta."

"Èyí ńkọ́?"

"Màámi nìyẹn," Hikmat ní. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

Felicia gbé fóònù náà sínú báàgì. "Mo fi í rẹ́rìn-ín," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Mo ní kí wọ́n nà án ní pàṣán. Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lò ń wé gèlè fún un, o sì mọ̀ pé a ò ní í wá." Ó dìde, ó jáde, kò sì tún wọ ilé náà mọ́.

Hikmat ṣì ń ta ọṣẹ. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, iye ọjà àti gáréèjì nìkan ló ń sọ, ó sì ń ṣe é dáadáa. Hikmat ti pa ohùn ìyá rẹ̀ rẹ́ lórí rẹ̀. Ìkíni, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn ín, láti Bẹ́rẹ́ dé Òjé, láti ilé dé ilé. Àwọn kan ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn kan sọ láti inú ilé pé àwọn kò sí nílé. Ó ti lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí, ilẹ̀kùn Felicia kò ṣí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ̀rọ kò ṣe Hikmat ní ibi kankan, iṣẹ́ tó rán an ló jẹ́. Ẹ lè jẹ́ kó bá yín ṣírò ọjà, kó bá yín gba iṣẹ́, kó má sùn nítorí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ìfẹ́ tí èèyàn ní sí yín, ẹ má sì fi bo ìpọ́njú ẹni tó nílò èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ̀ pé ẹ wà nínú ìpọ́njú kò lè wá gbà yín.

Lẹ́yìn Àlàásárì, Hikmat máa ń jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìró bàtà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, yóò gbé orí sókè kíá. Bàbá Fàsásì ni.