Bọ́tìnnì Tó Ń Rẹ́rìn-ín

Fẹ́sítáàkì ni Níyìọlá ń gbé. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kó máa kun nǹkan.

Ó kun páálí. Ó kun ìgò. Lọ́jọ́ kan, ó kun èékánná ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé!

Télọ̀ ni mọ́mì rẹ̀. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n máa ń rán.

Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ-kẹ! Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn máa ń ké.

Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájì Sùrájù tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé télọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn á kàn kọjá, fìrì!

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mọ́mì fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo ìta.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kun pátákó ìpolówó fún yín."

"Ṣé wàá lè kùn ún?"

"Màá kùn ún dáadáa!"

Níyìọlá mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ya abẹ́rẹ́. Ó ya síṣọ́ọ̀sì. Ó ya búláòsì, ó ya ṣòkòtò, ó ya ìbọ̀sẹ̀.

Àyè ṣì kù. Ó fi òdòdó dí i. Ó wá ya ẹyẹ méjì sórí òdòdó.

Pátákó kún fọ́fọ́!

Wọ́n gbé e síta. Níyìọlá jókòó tì í, ó ń ṣọ́ àwọn tó ń kọjá.

Obìnrin kan ń bọ̀ láti Alákijà, ó fa ọmọ rẹ̀ kékeré lọ́wọ́. Ó wo pátákó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àbí ẹyẹ ni wọ́n ń tà níbí?" ló wí. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Omijé bọ́ lójú Níyìọlá, pọ́tọ́.

Mọ́mì fà á mọ́ra. "Àwòrán rẹ dára o, ọmọ mi. Àmọ́ gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Bí gbogbo kíláàsì yín bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé wàá gbọ́ ohun tẹ́nì kankan ń sọ?"

"Rárá, mà."

"Èwo lo fẹ́ kó sọ̀rọ̀?"

Níyìọlá ò mọ̀. Ó rá pálá wọ abẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló ti máa ń ronú.

Kí ló rí nílẹ̀ níbẹ̀? Bọ́tìnnì pupa kan! Ó tóbi, ó rí róbótó. Ihò méjì ló ní.

Níyìọlá wo bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì wo Níyìọlá.

"Háà! O lójú!"

Ó mú òwú dúdú tín-ín-rín kan. Ó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, ó gbé e sábẹ́ ihò méjèèjì.

Bọ́tìnnì bú sẹ́rìn-ín! Níyìọlá náà bú sẹ́rìn-ín.

Ó sáré gbé ọ̀dà funfun. Fíì! Abẹ́rẹ́ lọ. Fíì! Síṣọ́ọ̀sì lọ. Fíì! Ìbọ̀sẹ̀ lọ.

Nígbà tó kan àwọn ẹyẹ, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fẹ́ràn àwọn ẹyẹ yẹn gan-an.

"Ó dàbọ̀ o," ló wí. Fíì!

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó ya bọ́tìnnì ńlá kan sí àárín gbùngbùn. Ojú méjì. Ẹnu kan. Ó parí!

Mọ́mì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: AṢỌ ỌMỌDÉ.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin Alákijà tún ń kọjá. Ọmọ rẹ̀ dúró gbagidi.

"Màámi! Bọ́tìnnì yẹn ń rẹ́rìn-ín sí mi!"

Ó fa ìyá rẹ̀ wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ o!" ni Mọ́mì wí. Téèpù ti wà lọ́wọ́ wọn.

Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ-kẹ!

Nírọ̀lẹ́, Àlàájì Sùrájù yọjú. "Níyìọlá, wá ya tèmi náà fún mi. Ya mílíìkì. Ya ṣúgà. Ya ọṣẹ, ya ìṣáná, ya bisikíìtì, ya..."

Níyìọlá nawọ́ sókè. "Ẹyọ kan ṣoṣo, sà. Ẹ mú ẹyọ kan."

Àlàájì họ orí. Wọ́n họ irùngbọ̀n. "Ó dáa. Ya ẹyin."

Níyìọlá ya ẹyin. Ó wò ó, wò ó. Ó fún un ní ẹsẹ̀ méjì.

Ẹyin ń sáré!

Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. "Ẹ gbà mí o! Ẹyin mi ń sá lọ! Ẹ bá mi mú un!"